Ẹ Má Kọ Iye Ẹja Nìkan Sílẹ̀

Alájàpá ẹja ni mí. Etí òkun ni mo ti ń kó agbódò àti ṣáwá wá sí Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Bí àwọn tó ń ṣèwádìí bá ní kí ẹ bá àwọn kọ ẹja sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹja òkun ń tán lọ, ẹ gbà fún wọn.

Ṣùgbọ́n iye ẹja nìkan ò tó. Bí apẹja bá mú agbọ̀n mẹ́wàá wá lọ́dún tó kọjá, tó tún mú mẹ́wàá wá lọ́dún yìí, bákan náà ni lójú ìwé. Bó bá jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta ló fi mú ti èṣí, tó wá di mẹ́sàn-án báyìí ńkọ́? Ẹ bi í léèrè wákàtí tó lò lórí omi àti irú àwọ̀n tó dà. Ẹ kọ ọjọ́ tó lọ tó bọ̀ lófo pẹ̀lú. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ kọ ọjọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì gan-an.

Ọ̀rọ̀ Newfoundland, ní Kánádà, ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn apẹja etí òkun ibẹ̀ ń pariwo pé ẹja kọ́ọ̀dù ń dín kù, ó sì ń kéré. Ọkọ̀ ńlá tó wà ní agbami ṣì ń kún ní tiwọn, torí ẹja tó kù ti kóra jọ, irinṣẹ́ wọn sì ń dára sí i. Ìṣirò ìjọba gbára lé ti ọkọ̀ ńlá púpọ̀. Ní 1992 wọ́n fòfin de ìpẹja náà. Èèyàn tó ju 30,000 lọ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń dùn mí, torí wọ́n ti sọ ọ́.

Ní ti wíwọ̀n, ẹ má ṣa èyí tó tóbi. Bó bá ṣe bọ́ sí yín lọ́wọ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kó tó dórí ààrò, torí ẹja yíyan máa ń sún kì. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ó ní ẹyin. Bí ọ̀pọ̀ bá jẹ́ ọmọ ẹja tí kò tíì yéyin rí, èèbù iṣu là ń sè jẹ yẹn.

Kí ẹ tó fún wọn ní ìwé yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn á padà wá sọ àbájáde rẹ̀ lọ́jà, lédè Yorùbá. Èmi máa ń béèrè bẹ́ẹ̀.