Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí ìtọ́jú aboyún, ẹ wo oṣù tó kọ́kọ́ wá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí klíníìkì ìjọba ní Abuja níbí, ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi jù ni pé tí wọ́n bá ní ìtọ́jú aboyún ti di ọ̀fẹ́, ó ṣì kù o. Káàdì lè jẹ́ ọ̀fẹ́, owó ọ̀kadà láti abúlé wá sí Kuje ńkọ́? Lísìtì ìbímọ tá a máa ń kọ fún wọn ńkọ́, ìbọ̀wọ́, kọ́tìn-wúùlù, Dettol, páàdì, rọ́bà tí wọ́n máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì? Ìyá kan wà tó máa ń ká lísìtì yẹn mọ́ etí ìró ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti wá ló máa tú u, á ní kí n bá òun fi bírò fagi lé èyí tóun ti rà, oyún ń dàgbà, lísìtì ò tán.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ kí wọ́n fún aboyún lówó nìyẹn. Nígbà SURE-P, ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, wọ́n pín 5,000 náírà fún aboyún sí wẹ́wẹ́: tó bá forúkọ sílẹ̀ á gbà díẹ̀, tó bá ń wá déédéé, tó bá bímọ sí klíníìkì, tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ní Zamfara àti Jigawa, CDGP, ètò owó ìrànwọ́ fún ìdàgbàsókè ọmọ, ò tiẹ̀ ní kó wá síbì kankan kó tó gbà, 3,500 náírà lóṣooṣù, ó di 4,000 ní 2017, látinú oyún títí ọmọ á fi pé ọdún méjì, pẹ̀lú ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti ọmú, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ tó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ dín kù. Ọwọ́ ìyá fúnra ẹ̀ lowó yẹn ń bọ́ sí, lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àmọ́ ẹni tówó gbé dé klíníìkì tí ò bá nọ́ọ̀sì, tí ò bá oògùn ẹ̀jẹ̀, kí la fẹ́ wí fún un? BHCPF, àpò owó ìjọba fún ìlera alábọ́dé tí òfin ìlera 2014 dá sílẹ̀, ń fowó ránṣẹ́ sí klíníìkì, ó tún ń sanwó ìtọ́jú fáwọn tí ò ní, aboyún sì wà lára wọn. Ẹ máa béèrè NIN wọn, kẹ́ ẹ bá wọn forúkọ sílẹ̀.

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí aboyún wá ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ látọdún 2016, ṣùgbọ́n ẹ má kàn máa ka ìgbà, ẹ wo oṣù tó kọ́kọ́ wá. Ẹni tó dé lóṣù keje, folic acid, fítámì tá a máa ń fún aboyún, ò lè ṣe nǹkan kan fún ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ mọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn náà ti parí dídá tipẹ́. Ẹ kọ oṣù yẹn sí rẹ́jísítà, kẹ́ ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè ohun tó dá a dúró. Àwọn tí mo máa ń bi, owó ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á ní bàbá ọmọ ò tíì fọwọ́ sí i.