Kí ẹ tó ra sọ́fúwíà fún ilé iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀

Ọ̀dà ara ògiri la ń po ní ilé iṣẹ́ wa n'Ìbàdàn, èmi ni mo sì ń ṣírò owó níbẹ̀. Ní 2022, a tó nǹkan bí ọgọ́ta òṣìṣẹ́, ìwé ńlá mẹ́ta ló sì gbé gbogbo wa ró: ọ̀kan ní sítọ́ọ̀, ọ̀kan nídìí ẹ̀rọ, ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Tí oṣù bá parí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bára wọn mu. Ó máa ń tó ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó lè sọ fún Alájì, ọ̀gá wa, bóyá a jèrè. Lọ́dún náà ló ní kí n lọ wá sọ́fúwíà tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ERP.

Mo ṣe àṣìṣe kan tó ná wa lówó púpọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ni mo ti bẹ̀rẹ̀; sítọ́ọ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó wá tà á fún wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó fi ilé iṣẹ́ kan tó ń kan tábìlì hàn wá: tábìlì kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin, pákó kan. Ó tẹ bọ́tìnì, ẹsẹ̀ mẹ́rin kúrò ní sítọ́ọ̀, tábìlì kan wọlé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Inú gbogbo wa dùn, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé ta ló ń kan tábìlì níbí.

Ọ̀dà kì í ṣe tábìlì. Kìlógíráàmù la fi ń ra titanium, ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ògiri dáadáa, lítà la fi ń ta ọ̀dà, lítà ọ̀dà kan sì wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ. Ẹni tó ń pò ó lè rí i pé ó ki jù, á bu omi sí i. Àwọ̀ rẹ̀ lè má jọ tàná, á tún fi nǹkan kún un. Èyí tí oníbàárà bá dá padà, a máa ń dà á mọ́ èyí tí a ń pò lọ́wọ́. A lè já báàgì titanium oníkìlógíráàmù 25, ká lo kìlógíráàmù mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, kí ìyókù sùn sídìí ẹ̀rọ mọ́jú. Sọ́fúwíà tí a rà kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Iye tí a kọ sínú rẹ̀ pé ó yẹ ká lò ló ń yọ kúrò, kì í ṣe iye tí a lò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kọ̀ǹpútà ní báàgì titanium méjìlélógójì ló wà nílẹ̀. Bàbá Sítọ́ọ̀ dúró síwájú mi tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́: "Ìyá Ìbejì, ẹ wá kà á fúnra yín. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni." Kí oṣù kẹjọ tó pé, kálukú ti padà sídìí ìwé ńlá rẹ̀.

Síbẹ̀ owó kò yéé jáde. A ti tọwọ́ bọ̀wé, dọ́là la sì fi ń san án, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí Júùnù 2023 tó dé, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan ní owó ìjọba. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ lóṣù náà, kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nígbà tó di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ohun tí Alájì fọwọ́ sí ti di ìlọ́po mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lò ó mọ́.

Nígbà tí a fẹ́ tún un ṣe, Alájì pè mí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, má dárúkọ sọ́fúwíà kankan fún mi. Iye tó ń sọnù ni kó o mú wá."

Mo gbé àga mi kúrò ní ọ́fíìsì lọ sídìí ẹ̀rọ, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jókòó síbẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ dà sínú ẹ̀rọ, a ó kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Apá òsì ìwé mi ni mo ń kọ iye tó yẹ kó jẹ́ sí, apá ọ̀tún ni mo ń kọ iye tó jẹ́ gan-an sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé abọ́ ni àwọn ọmọ náà fi ń wọn titanium. Ọ̀kan máa ń fọwọ́ nu orí abọ́ kó tẹ́jú. Ẹnìkejì rẹ̀ máa ń bù ú ní òkìtì. Ìyàtọ̀ ọwọ́ àwọn méjèèjì ń gba bíi báàgì méjì lọ lọ́sẹ̀, titanium sì wọ́n gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn náà, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀dà wà nílẹ̀ tí kò sí rọ́bà lítà 20 tí a ó rọ ọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọjà gba géètì jáde láìsí ínfọ́ìsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí nìyí. Mo ti fẹ́ kó gbogbo àdánù yẹn sórí ìwé tí mo ń kọ fún Alájì, kí sọ́fúwíà lè dà bí ohun tí kò ṣeé má rà. N kò ṣe é. Òṣùwọ̀n tuntun kan ló tún ọ̀ràn titanium ṣe. A kó àwọn abọ́ náà kúrò, ó parí. Ẹ má ṣe ka ohun tí òṣùwọ̀n lè ṣe mọ́ iṣẹ́ sọ́fúwíà. Ọ̀rọ̀ rọ́bà, ínfọ́ìsì àti ọjọ́ mọ́kànlá tèmi ló ṣẹ́ kù. Mo ṣírò wọn, mo wá ní ká gbà pé ìdajì péré la ó rí gbà padà. Ní apá kejì mo kọ ìnáwó ọdún mẹ́ta: láísẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà sítọ́ọ̀, ínfátà, owó ẹni tí yóò kọ́ wa, àti àkókò tiwa. Ẹ má gbàgbé àkókò tiyín o. Orúkọ márùn-ún ni titanium ń jẹ́ nínú ìwé wa, ó sì gba èmi àti ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún orúkọ ọjà ṣe. ERPNext, sọ́fúwíà ERP kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, kò gba owó láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ń gbowó. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó pe àwọn tó ń tà á, mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo fi ojú ìwé kan nínú ìwé ìdí ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn, èyí tó ní omi àbùkún, ọ̀dà tí wọ́n dá padà àti báàgì jíjá nínú. Mo ní ká wá po èyí lójú wa, kí Bàbá Sítọ́ọ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan kò wá. Nígbà tí ẹnìkejì ń fi tirẹ̀ hàn, Bàbá Sítọ́ọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, béèrè pé, "Níbo ni n ó kọ ìyókù báàgì sí?" Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà títí, kò rí ibẹ̀. Ẹnìkẹta rí i, tirẹ̀ la mú.

Kí a tó tọwọ́ bọ̀wé, a ní kó jẹ́ náírà fún ọdún kan gbáko, kí wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa jáde sí Excel lójú wa, kí wọ́n sì kọ ẹni tí a ó pè tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìparí oṣù ń gbà mí báyìí. Ọ̀dà tí wọ́n ń dá padà kò tíì já geere. Bàbá Sítọ́ọ̀ ṣì ní ìwé ńlá rẹ̀, n kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọọjọ́ Ẹtì, èmi àtiẹ̀ jọ máa ń ka ohun mẹ́wàá ní sítọ́ọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́sàn-án bá kọ̀ǹpútà mu. Rọ́bà onílítà mẹ́rin ló fi méje dín, a ṣì ń wá a.