Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́yìn ìyà Sátidé

Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì yín náà jìyà lọ́wọ́ àwọn àgbà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n lé kóòṣì.

Títí di ìsinmi ìlàjì, a ṣì ń bá wọn fà á. Kọ́ọ̀tà kẹta ló tú wa fó. Ẹ tún un wò, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ọmọkùnrin bàǹtà-banta tó wà láàárín ìlà iwájú àwọn tó ń gbèjà fún wa. Ó ti fọwọ́ lé ìbàdí. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún quarterback wọn (ẹni tó ń darí ìkọlù), ọmọkùnrin wa ò tíì gbéra. Àwọn méjì lára tiwọn gbá a mú, wọ́n tì í sẹ́yìn ní yáàdì méjì, ọ̀kan fi í sílẹ̀, ó lọ bá linebacker wa, agbèjà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rí yáàdì 3 tẹ́lẹ̀, 9 ni wọ́n ń rí. Ẹni tó wọn páùn 300 ò lè bá ènìyàn wọ̀yá ìjà nígbà 65 kó má rẹ̀ ẹ́. Àwọn tiwọn, ènìyàn 8 ló ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn sí àyè 4. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn ló nà wá.

Ẹ má sọ fún mi pé òfin dọ́gba. Lóòótọ́, ọdún pípẹ́ ni ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan fi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 85 láti pín. Àwọn wo ló gba 85 náà? Ní Georgia, Alabama àti Ohio State, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ọmọ ìràwọ̀ 4 tàbí 5 (ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọmọ tó ń bọ̀ wá sí yunifásítì; 5 ló ga jù). Láti ìgbà tí owó NIL (owó tí àwọn ọmọ ń gbà lórí orúkọ àti àwòrán wọn) sì ti dé ní July 2021, ọmọ tí a bá tọ́ sanra, transfer portal, ètò tí wọ́n fi ń pààrọ̀ yunifásítì, ló ń gbà lọ bá wọn. Ẹ wo TCU, yunifásítì kan ní Texas tí kì í ṣe ara àwọn ńlá yẹn: wọ́n na Michigan 51-45. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn náà, ní January 2023, Georgia na TCU náà 65-7. Ìlà iwájú kan náà ni o!

Mi ò sọ pé kóòṣì wa ò ṣàṣìṣe. Bọ́ọ̀lù gígùn tó ń pè nígbà tó ku yáàdì 2 péré ká tún gba àǹfààní tuntun, èmi náà bínú sí i.

Ọ̀nà wà ṣá. Ní October 2024, Vanderbilt na Alabama 40-35: ìṣẹ́jú 42 nínú 60 ni bọ́ọ̀lù fi wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí aago ìṣẹ́jú-àáyá 40 tí wọ́n ń kà láàárín eré kan sí èkejì kù sí 3 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wa, ọmọkùnrin àárín yẹn á lè jókòó, á mu omi.