Ọkọ̀ Tí Lọ́ńdọ̀nù Kọ̀

Nígbà tí ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù fẹ òfin èéfín ọkọ̀ tí à ń pè ní ULEZ dé gbogbo àdúgbò ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ọdún 2012 ni mo sì ń wà lọ. Pọ́ùn 12.50 ni owó òòjọ́ tí ẹni tí ó bá wa irú ọkọ̀ eléèéfín bẹ́ẹ̀ ń san, ṣùgbọ́n nítorí pé agogo méjìlá òru ni ọjọ́ wọn ń yí, ẹni tí ó jáde ní alẹ́ tí ó wakọ̀ padà ní òwúrọ̀ ti jẹ gbèsè pọ́ùn 25. Kí n má parọ́, èébú ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ mi gbọ́ lẹ́nu mi nípa òfin náà.

Ìgbà tí wọ́n fún ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ àmúrelé, pé kí ó ya àwòrán ohun tí ìjọba ṣe kí èéfín ọkọ̀ lè dín kù, ni mo tó jókòó ṣàlàyé. Mo mú un lọ sídìí ọkọ̀, mo fi bébà funfun nu inú sàlẹ́ńsà, bébà náà sì dú bí ìdí ìkòkò orí ààrò. Àbúrò rẹ̀ bèèrè pé, "Dádì, ta ni ẹ ń san owó yẹn fún, ṣé afẹ́fẹ́ ni?" Mo ní ìlú ni, pé wọ́n fẹ́ kí sísan rẹ̀ sú mi kí n lè wá ọkọ̀ mìíràn. Mo sọ ti Ella Adoo-Kissi-Debrah fún wọn, ẹni tí ilé wọn wà nítòsí títì South Circular ní Lewisham, tí ó ní ikọ́ fée, tí ó kú ní ọdún 2013, tí adájọ́ tí ń wádìí ikú sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé afẹ́fẹ́ tí èéfín ti bàjẹ́ wà lára ohun tí ó pa á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ni èyí tí mo ń bá sọ̀rọ̀, n kò sì jẹ́ kí ó gùn.

Nígbà náà, ìlú ń fún ni ní nǹkan bí 2,000 pọ́ùn bí a bá gbà kí wọ́n fọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ túútúú, ṣùgbọ́n ẹnìkan tí ń kó ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé fi owó lé e, mo sì tà á fún un.

Ọmọbìnrin mi bèèrè pé, "Ṣé wọn kì í san owó èéfín ní Èkó ni?"

Mo ní wọn kì í san án, pé tòkunbọ̀ ni wọn yóò máa pè é níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì rà á yóò dúpẹ́. Mo retí ìbéèrè kejì, kò bi mí. Ó ya bọ́ọ̀sì pupa sí àárín ìwé, ó ya ọkọ̀ ojú omi sí igun, ọkọ̀ wa wà lórí rẹ̀ tí ó ń rú èéfín, ó wá ní kí n pe lẹ́tà Àpápá fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan.