Ara tó ń sú lójoojúmọ́, àti aago tó yẹ ká máa wò

Ọjọ́ Ẹtì, ọyẹ́ mú gan-an.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń sú, tó ń yún un fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ̀rù kan ló máa ń bà á: kí ọ̀fun má lọ dí lóru. Ẹ̀rù náà kò ṣeé fi ṣẹ̀sín, àmọ́ ewu kì í sábà gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 6, oúnjẹ kọ́ ló sábà ń fà á mọ́. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì abẹ́ awọ, tí histamine, kẹ́míkà tó ń mú awọ yún tó sì ń mú un wú, fi ń tú jáde. Ẹ wo iye ẹyin àti ẹ̀wà táwọn èèyàn ti fi du ara wọn lásán!

Ẹ fi báírò yí ojú kan tó wú ká láàárọ̀. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á ti pẹlẹ̀, òmíràn á ti yọ níbòmíì. Èyí tó bá kọjá wákàtí 24 lójú kan, tó ń dunni, tó sì fi àpá sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà awọ.

Anaphylaxis, ìyẹn kí gbogbo ara gbòdì sí nǹkan lójijì débi tó fi lè pani, kì í falẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà, edé, oró oyin, abẹ́rẹ́ penicillin: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2, ohùn á há, èémí á máa súfèé, èébì, òòyì. Nígbà míì, ara kì í tiẹ̀ sú rárá. Adrenaline ni oògùn rẹ̀, mg 0.5 fún àgbàlagbà, sínú iṣan ẹ̀gbẹ́ itan. Bí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, wọ́n á tún un gún. Kí aláìsàn náà dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ga, kí ó má dìde. Piriton táwọn èèyàn máa ń sáré gbé mì kò lè ṣí ọ̀fun.

Fún èyí tó ń sú lójoojúmọ́, cetirizine, oògùn tó ń dí histamine lọ́wọ́, mg 10 ni, lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ tó bá yún nìkan. Dókítà lè gbé e dé 40. Aspirin àti ibuprofen máa ń ru ú sókè lára àwọn kan.

Irú kan wà ṣá tó ń so méjèèjì pọ̀: èyí tí òtútù ń fà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á fi yìnyín inú ọ̀rá lé apá fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n á gbé e kúrò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ibẹ̀ á wú gẹ́gẹ́ bí yìnyín náà ṣe rí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ sódò tútù, gbogbo awọ ara á tú histamine lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè dákú sínú omi. Kó má dá wẹ̀ lódò.