Kí Kóòdù Tó Dé, Olúwa Ti Dé

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa! Èmi Ìyá Tólú, aránṣọ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ni mo wá dúpẹ́ pé n ò sunkún ọmọ.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Tólú, ọmọ ọdún 11. Ìdodo ló kọ́kọ́ dì mú. Mo ní ẹ̀wà tó jẹ ni. Mo fún un ní àgbo, ó bì í. Mo gbé ìgò omi gbígbóná lé e níkùn. (Dókítà bá mi wí gan-an lórí àgbo àti ìgò yẹn. Ẹ má ṣe é o.) Nígbà tó fi máa di ìdájí, ìrora ti sọ̀ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, ara ọmọ gbóná bí ààrò.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ sáré lọ, n ò ní dárúkọ wọn, dìpọ́síìtì ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ní aago 5 ìdájí! Owó ọwọ́ mi sì ti wọ ọjà Gbági lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo fi ra áńkárá. Ìgbà náà ni bàbá ẹ̀ rántí káàdì inṣọ́ránsì ìlera wa.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn oníṣọ́ránsì ìlera wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ, èmi ni mo pariwo jù. Mo ní àjọ wo lèèyàn ń dá tí kò ní kó? Alága wa ní, "Ìyá Tólú, àjọ tí o máa ń gbàdúrà kó má kàn ọ́ ni." Ojú tì mí, mo san án. Òfin ọdún 2022 ti sọ inṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo wa ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìtìjú ló mú mi san, kì í ṣe òfin.

Ilé ìwòsàn tó wà lórí káàdì gbà wá. Àpẹ́ńdíìsì ni, wọ́n ní ó ti fẹ́ bẹ́, ká máa gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn. Ó wá ku kóòdù. Ẹni tó bá ti lo káàdì rí mọ ohun tí mò ń wí. HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó inṣọ́ránsì wa, gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, kí wọ́n tó lè dárí aláìsàn síbòmíì. Wọ́n pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n tún pè, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́dún 2025 ni NHIA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì ìlera, pàṣẹ fún àwọn HMO pé kóòdù ò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Tiwa lé ní mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dìde. "Ẹ gbé ọmọ, kóòdù á bá wa níbẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ bá wa wọ takisí míkírà. Tólú ti wà ní tíátà kí kóòdù tó wọlé. Nígbà tí a parí, ìdá mẹ́wàá owó oògùn nìkan la san.

Tólú ti padà sílé ẹ̀kọ́, ó ń ṣí ẹ̀wù sókè fi àpá han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo rán ìró àti bùbá fún nọ́ọ̀sì yẹn. Ó ní òun á sanwó. Mo ní, "Mà, kóòdù ò tíì jáde."