Ìtìjú tí wọ́n fi ń yìn mí

Ọjọ́rú, lálẹ́.

Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni fóònù ti wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ pè, ti dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Mo ti kọ ohun tí màá sọ sílẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, dókítà. Orúkọ mi ni..." Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Bí mo bá ti tẹ nọ́ńbà náà tán báyìí, àyà mi á máa lù kìkìkì, òógùn á bo àtẹ́lẹwọ́ mi, màá sì dá fóònù padà sórí ibùsùn. Àìsàn tí mò ń wá ìwòsàn sí gan-an, ìbẹ̀rù ojú èèyàn (social anxiety), ni kò jẹ́ kí n lè béèrè fún un.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyìn ni. "Ọmọ yìí mà nítìjú o, kì í ranjú mọ́ àgbà." Nígbà tí mo dàgbà, àwọn kan náà ní mò ń gbéra ga, pé mi ò mọ èèyàn kí. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa fetí ka ohùn àwọn àlejò tó wà ní pálọ̀. Bí wọ́n bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ mi kì í gbé mọ́. Ìkúnlẹ̀ kọ́ ló nira. Ojú gbogbo wọn tó máa wà lára mi ni.

Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kọ àìsàn yìí sínú ìwé wọn. Ìgbà ọ̀dọ́langba ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó sì gbóògùn: wọ́n á bá èèyàn sọ̀rọ̀, wọ́n á máa mú un sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì lè fún ẹlòmíì ní oògùn bíi sertraline.

Abẹ́òkúta níbí là ń gbé. Aro, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ, kò jìnnà sí wa, níbi tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, kí wọ́n lè máa gbé láàárín èèyàn bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀ èébú ni wọ́n ń fi orúkọ ibẹ̀ bú èèyàn ládùúgbò wa. Ìyẹn ló ba màámi lẹ́rù nígbà tí mo sọ fún wọn. "Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ o." Wọ́n ní kí n jáde síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi fún àdúrà. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ iwájú ìjọ!

Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ káàsán, dókítà. Mi ò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣé mo lè kọ ọ́?"

Èsì dé kí ilẹ̀ tó ṣú: "Ẹ kọ ọ́. Ṣé Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá, rọ̀ yín lọ́rùn?"

Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.